Wákàtí Méjì Tí Wọ́n Fi Ha Ẹ̀yìn Lasmini

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn tó gòkè, oko iyọ̀ abúlé Karangasin máa ń dà bí ibi tí ayé kò tíì jí dé. Omi inú àwọn adágún pẹlẹbẹ a pa rọ́rọ́, ojú ọ̀run a sì sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ onípákó tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí wọ́n ń fa omi òkun wọ oko, a máa yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìn lórí ebè tó wà láàárín adágún méjì, ọ̀run wà lókè orí rẹ̀, ọ̀run tún wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Orí ebè yìí ni Lasmini wà ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ó fi ọ̀pá kọ́ èjìká, apẹ̀rẹ̀ iyọ̀ kan so rọ̀ níwájú, òmíràn so rọ̀ lẹ́yìn. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Ó ti ń ru iyọ̀ kí ó tó lọ sílé ọkọ, kò sì sí ẹni tó rántí ọjọ́ kan tí ó sọ pé iṣẹ́ náà pọ̀ jù fún òun.

Nígbà tó ru ẹrù ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, nǹkan kan jókòó sí àárín ẹ̀yìn rẹ̀. Kò gún un. Ó kàn wúwo, bí àpò iyọ̀ tí òjò pa. Ó gun ọrùn rẹ̀, ó dé párì rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ bí ìgbà tí akokoro bá ń yọ ènìyàn lẹ́nu. Lasmini dúró. Ọ̀run tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mì díẹ̀, ó sì tún dákẹ́.

Karmin, ọkọ rẹ̀, tó ń wọ́ iyọ̀ jọ nínú adágún, gbé ojú sókè.

"Ìyá Wigati, kí lo dúró wò níbẹ̀? Ẹja?"

"Bàbá Wigati, eyín ń dùn mí."

"Eyín wo? Èyí tí wọ́n yọ lọ́dún tó kọjá ni àbí èyí tó kù?"

"Gbogbo ẹ̀." Ó gbé ọ̀pá náà sílẹ̀, ó sì jókòó ti apẹ̀rẹ̀. "Atẹ́gùn ti wọ̀ mí lára."

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ẹ fi aago yẹn sọ́kàn.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí nǹkan ti ń ṣe Lasmini. Yóò dúró lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé orí ebè tí ó máa ń gùn láìdúró. Yóò sùn lọ́sàn-án, ohun tí kò ṣe rí. Ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Wigati, pé afẹ́fẹ́ òkun ọdún yìí le. Ní Karangasin, àìsàn tí wọn kò bá mọ orúkọ rẹ̀, atẹ́gùn ni wọ́n ń pè é. Orí fọ́ ọ? Atẹ́gùn ni. Inú rẹ kún? Atẹ́gùn ni. Èyí tó bá sì pa ènìyàn lójijì, wọ́n á ní atẹ́gùn tó jókòó ni: ó wọlé, ó rí àyà, ó fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, ó sì kọ̀, kò dìde.

Oògùn atẹ́gùn sì wà ní gbogbo ilé. Wọn a fi òróró àgbọn pa ẹ̀yìn aláìsàn, wọn a mú owó idẹ, wọn a sì fi etí rẹ̀ ha ẹ̀yìn náà láti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìlà-ìlà, títí ìlà náà yóò fi pọ́n. Bí ó bá ṣe pọ́n tó, wọ́n gbà pé bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn tó jáde ṣe pọ̀ tó. Ìyá ń ha ọmọ, ọ̀rẹ́ ń ha ọ̀rẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ lásán bá rẹ̀, ó máa ń tù ú lára. A kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ha ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Ibòmíràn ni àṣìṣe wà.

Wọ́n mú Lasmini dé ilé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àkéte ọparun, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Mbah Saodah.

Mbah ni wọ́n ń pe àgbà níbẹ̀; ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni Mbah Saodah. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ dára jù nínú àwọn tó ń ha ẹ̀yìn ní gbogbo abúlé etí òkun náà. Owó idẹ tó ń lò nípọn, ó ti wà láti ayé àwọn Òyìnbó Họ́láńdì tó jọba lé wọn lórí nígbà kan, lílò sì ti mú kí etí rẹ̀ máa dán. Àṣẹ kan wà tó máa ń pa fún gbogbo ẹni tó bá ha: kò gbọdọ̀ wẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ìta títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ó ní ihò ara onítọ̀hún ti ṣí, atẹ́gùn ìta yóò sì rọ́ wọlé. Gbogbo abúlé ló ń pa àṣẹ náà mọ́.

"Ẹ̀yìn rẹ le bí ojú ọ̀nà," Mbah Saodah sọ, ó ń da òróró sí ọwọ́. "Mo ní kí o máa wọ aṣọ tó nípọn jáde láàárọ̀. Àṣé ogiri ni mo ń bá sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, Mbah."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ ni kí o bẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ìró owó idẹ náà ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fi pákó wọ́ iyọ̀ jọ láti òkèèrè. Lasmini di ojú. Ó rí ara rẹ̀ lórí adágún, kò sì rì. Omi náà funfun, kò sí etí, kò sí ebè. Àwọn òkìtì iyọ̀ jókòó yí i ká bí àwọn àgbà tó wọ aṣọ funfun, wọn kò sọ̀rọ̀, wọn kò kánjú, ó dà bí ẹni pé àyè kan ṣófo láàárín wọn. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò tutù. Ó kàn wù ú kí ó lọ jókòó.

"Kò pọ́n," Mbah Saodah sọ. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ẹ wò ó. Mo ha á, ó ń funfun."

Wigati na ọrùn wò ó. "Kí ló túmọ̀ sí, Mbah?"

"Ó túmọ̀ sí pé olórí kunkun ni atẹ́gùn yìí. Mú tíì atalẹ̀ wá. Màá tún ha á láti ìbẹ̀rẹ̀."

Lasmini mu tíì, ó bì í. Wọ́n fún un ní òmíràn, ó tún bì í. Mbah Saodah ha ẹ̀yìn, ó ha ọrùn, ó ha èjìká. Báyìí ni aago méje kọjá. Báyìí ni aago mẹ́jọ kọjá. Ara obìnrin náà tutù, òógùn sì bò ó. Wọ́n ní atẹ́gùn ló ń jáde.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́sàn-án lù nígbà tí ẹnì kan kígbe láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹni tó ń sá fún mi dà? Oṣù mẹ́ta gbáko! Ẹ̀gbọ́n Lasmini, lónìí ẹ ó gun ìwọ̀n, bí ẹ fẹ́, bí ẹ kọ̀!"

Endah ni. Obìnrin abúlé náà ni, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ilé ìlera àdúgbò ti kọ́ ọ ní iṣẹ́, òun ló sì máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù lábẹ́ ibòòji igi ketapang tó wà níwájú mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ náà, iwájú orúkọ Lasmini tún ṣófo nínú ìwé rẹ̀, ó sì dìde wá bá a wíjọ́.

Ó wọ inú yàrá. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí Lasmini. Ó tutù bí ẹja.

"Níbo ló ń dùn yín, ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹ̀yìn." Lasmini sọ ọ́ bí ẹni tó wà nínú kànga. "Àti eyín."

"Àyà ńkọ́?"

"Kò dùn mí. Ó wúwo."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti aago mẹ́fà ààbọ̀," Karmin dáhùn. "Endah, má wulẹ̀ dààmú. Atẹ́gùn ni. Mbah ti wà lórí ẹ̀."

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ń lò ó?"

Wigati wo ilẹ̀. "Ó ní orí kò fọ́ òun mọ́, òun ti gbádùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti dá a dúró."

Endah mí kanlẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Èyí kì í ṣe atẹ́gùn. Ọkàn ni. Ọsibítù ni a ń gbé e lọ, ìsinsìnyí la sì ń lọ."

"Ọkàn kẹ̀?" Wigati ní. "Àwọn ọkùnrin tó ń fa sìgá ló ń ní ìyẹn. Màmá mi kò fa sìgá rí. Kò sì di àyà mú."

"Kò di í mú, àbí? Ǹjẹ́ o rí ẹni tó ń bi atalẹ̀, tí òógùn tútù ń bò, tí ẹ̀yìn àti párì ń dùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí o wá ní eyín ni?"

Karmin dìde, ó sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi apá méjèèjì di ẹnu ọ̀nà náà.

"Wọ́n ti ha á, Endah. Ihò ara rẹ̀ ti ṣí. O fẹ́ kí n gbé e gba etí òkun kọjá nínú afẹ́fẹ́ yìí? Kí ó wá ṣe bí ti Kasmo?"

Kasmo ni ọkọ Mbah Saodah. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n ha á lẹ́yìn, lẹ́yìn náà ni àwọn àbúrò rẹ̀ fi agídí gbé e jáde lọ sí ọsibítù, ó sì kú sórí afárá kí wọ́n tó sọdá. Gbogbo abúlé ló mọ ìdí rẹ̀: atẹ́gùn odò pàdé ara tó ṣí sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni àṣẹ Mbah Saodah ti wà.

Endah kò bá Karmin jà. Ó kúnlẹ̀ síwájú àgbà obìnrin náà.

"Mbah, ẹ jọ̀wọ́, ìbéèrè kan péré. Lọ́jọ́ náà, kí ẹ tó ha bàbá, níbo ni wọ́n ní ó ń dùn wọ́n?"

Owó idẹ ṣì wà láàárín ìka Mbah Saodah, òróró ń kán láti etí rẹ̀ sórí ẹní. Níta, àwọn ẹ̀rọ onípákó ń yí, wọ́n ń ké kín-ín kín-ín.

"Apá òsì," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Àti párì. Ó ní kí n wá kànáfùrù fún eyín òun. Mo wá a. Mo fi sí i lẹ́nu. Kò sí eyín kankan níbẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí eyín ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Mo fi kànáfùrù sí ibi tí kò sí nǹkan kan."

"Ẹ ha wọ́n pẹ́?"

"Láti ìgbà tí oòrùn yọ. Wọ́n ti pe àdúrà ọ̀sán kí wọ́n tó gbé e kúrò lọ́wọ́ mi."

Endah kò sọ ohun tó kù. Kò yẹ kí ọmọdé sọ ọ́. Mbah Saodah fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ àlá tó lá.

"Kí ó tó rí afárá, ó ti ń kú lọ́wọ́ mi."

Ó fi owó idẹ náà sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró.

"Karmin, gbé ìyàwó rẹ."

"Mbah, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní..."

"Èmi ni mo sọ ọ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo ní gbé e!"

Láti ìgbà tí Endah ti wọlé títí di ìgbà yìí, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti lọ. Ó ti ń pe ilé ìlera lórí fóònù kí Karmin tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé ọkọ̀ aláìsàn wà ní abúlé mìíràn, kí wọ́n má dúró dè é, kí wọ́n má fi alùpùpù gbé e, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ó béèrè bóyá Lasmini ní ọgbẹ́ inú, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kò sí, ó ní kí wọ́n fún un ní ásípírìn kan kí ó rún un jẹ. Ó ní òun yóò pe ọsibítù ìlú kí wọ́n máa retí wọn.

Ọkọ̀ akẹ́rù Topo, awakọ̀ tó ń kó iyọ̀ wọn lọ tà, wà lẹ́bàá oko, wọ́n ń di àpò iyọ̀ sí i. Wigati sáré lọ bá a. Topo kò béèrè ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n dá àpò dúró, ó sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

Wọ́n gbé Lasmini jókòó sí iwájú, wọ́n fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Karmin àti Wigati gun ẹ̀yìn ọkọ̀, Endah wà lápá kan. Mbah Saodah gun apá kejì láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó fi aṣọ ìró rẹ̀ bo èjìká aláìsàn náà, ó sì fi ara rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bí atẹ́gùn bá ń bọ̀," ó ní, "èmi ni yóò kọ́kọ́ pàdé."

Ọkọ̀ gba orí ebè ńlá tó la oko iyọ̀ kọjá. Oòrùn ti mú, ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì wà lójú omi. Lasmini la ojú, ó rí ọ̀run lọ́tùn-ún, ó rí ọ̀run lósì, ó rò pé ọkọ̀ náà ti fi ilẹ̀ sílẹ̀. Àwọn òkìtì iyọ̀ ń kọjá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun, láìsọ̀rọ̀. Ó tún wù ú kí ó sọ̀ kalẹ̀ láàárín wọn.

"Ẹ̀gbọ́n Lasmini, ẹ má sùn. Kí lorúkọ ọmọ Wigati tó kéré jù?"

"Bagas."

"Ta ló ń kọ́ ọ ní ìwé?"

"Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọ. Olódo ni."

Topo rẹ́rìn-ín nídìí ọkọ̀ tó ń wà. Endah náà rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣí fèrèsé," Lasmini sọ. "Mi ò rí èémí mí dáadáa."

Topo wo Mbah Saodah. Àgbà obìnrin náà wo gíláàsì fèrèsé, ó wo ojú Lasmini tó ti di eérú, ó sì yí i sílẹ̀ fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun wọlé, ó sì gbé irun aláìsàn náà kúrò níwájú orí. Lasmini mí sínú.

Wọ́n sọdá afárá.

Ní ọsibítù, wọ́n lẹ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì kọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí bébà. Dókítà obìnrin kan wo bébà náà, kò pẹ́ rárá kí wọ́n tó fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e lọ sí ìlú ńlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ki okùn wáyà wọlé, wọ́n sì la ibi tó dí.

Kí wọ́n tó gbé e lọ, dókítà àkọ́kọ́ yẹn ti pe gbogbo wọn jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta.

"Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?"

"Mẹ́fà ààbọ̀," Karmin dáhùn.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí ẹ dé ibí. Ìrìn yín gba ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó kù ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi ló lọ sí," Mbah Saodah wí.

Dókítà kò bú u. Ó béèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó sì fi iṣẹ́ náà yé wọn.

"Ẹ̀yin ẹ mọ ojú omi kékeré tó ń bọ́ adágún yín. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, adágún tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbẹ. Ọkàn ló ń fa ẹ̀jẹ̀ ká gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun náà ní ojú ẹ̀jẹ̀ kékeré tó ń bọ́ ọ. Èyí ló dí. Ní gbogbo ìṣẹ́jú tí ó fi dí, ẹran ọkàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń kú. Bí adágún bá gbẹ, ẹ ó kó iyọ̀. Bí ẹran ọkàn bá kú, kò sí ohun tí ẹ ó kó níbẹ̀, kò sì ní hù padà."

"Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gún un," Wigati tún sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Fún ìgbà pípẹ́, ara ọkùnrin ni àwọn oníwádìí wò jù kí wọ́n tó kọ ohun tí àrùn yìí ń ṣe sínú ìwé. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti ń wo àwọn obìnrin dáadáa. Àyà tó wúwo tàbí tó fún pọ̀ ló ṣì wọ́pọ̀ jù, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ṣùgbọ́n obìnrin a tún sábà ní àwọn nǹkan mìíràn: ẹ̀yìn, párì, èébì, èémí tó kúrú, òógùn tútù. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ pé àárẹ̀ tí kò nídìí ti mú wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bí obìnrin bá sì ti kọjá ọjọ́ orí nǹkan oṣù, ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà bá wà níbẹ̀, ó tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pọn dandan kí ó fa sìgá."

"Ṣé yóò yè?" Karmin béèrè.

"Yóò yè. Kò ní ru iyọ̀ mọ́."

Lasmini padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìdá kan nínú mẹ́rin ọkàn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ó bá rìn láti ilé dé orí ebè àkọ́kọ́, yóò jókòó kí ó tó padà. Lójoojúmọ́ ló ń lo oògùn mẹ́rin, Wigati ló ń wò ó títí yóò fi gbé e mì. Wọ́n ní kí ó dín iyọ̀ kù, kí ó sì fi ẹja oníyọ̀ sílẹ̀.

"Iyọ̀ kẹ̀?" Karmin pariwo. "Inú iyọ̀ la bí i sí! Ó dà bí kí wọ́n ní kí ẹja má mu omi."

"Ẹja kì í ní ẹ̀jẹ̀ ríru," Endah dá a lóhùn. "Ẹ gbé àwo yẹn kúrò níwájú rẹ̀."

Àwọn ènìyàn ṣì ń wá sọ́dọ̀ Mbah Saodah. Ó ṣì ń ha ẹ̀yìn ẹni tí àárẹ̀ iṣẹ́ bá mú. Ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ béèrè: ṣé àyà wúwo? Ṣé ó ń lọ sí apá, sí ẹ̀yìn, sí párì? Ṣé òógùn tútù wà, tàbí èébì, tàbí èémí tó kúrú? Bí wọ́n bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan ṣoṣo, kò ní fọwọ́ kan òróró.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Topo awakọ̀ wá bá a ní ọ̀sán, ó di àyà mú, òógùn bò ó. Mbah Saodah lé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ó ní kí ẹlòmíràn wa ọkọ̀ náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ wò ó, wọ́n sì rí i pé ata tó jẹ ló ń jó o nínú. Nígbà tó padà dé, ó dúró sí iwájú ilé àgbà obìnrin náà, ó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Mbah, ẹ gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ mi! Gáàsì lásán! Gbogbo nọ́ọ̀sì ló fi mí rẹ́rìn-ín."

"Inú mi dùn."

"Inú yín dùn pé wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Inú mi dùn pé o wà níbí tí o ń pariwo mọ́ mi." Ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n ní ó pẹ́ kí ó tó tún ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, kì í ṣe ní Karangasin nìkan ni wọ́n ti ń fi àkókò ṣòfò báyìí. Ibi gbogbo ló ní orúkọ tó ń pe àrùn ọkàn kí ó má baà pè é ní orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan á ní gáàsì ni, ẹnì kan á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹnì kan á ní ayé ló ń ṣe é. Ohun tí a bá pè é kò dá a dúró. Bí àyà ẹnì kan bá wúwo tàbí tó fún pọ̀ ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, bí ìrora bá gba apá, ẹ̀yìn, ọrùn tàbí párì, bí òógùn tútù, èébì tàbí èémí kúkúrú bá bá a rìn, ẹ má ha á, ẹ má fi róòbù pa á, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sì ní kí ó kọ́kọ́ sùn wò. Ẹ wá ọkọ̀. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ sọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn kankan, ásípírìn pàápàá, àfi bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá ní kí ẹ fún un.

Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó máa lò ó bí ara rẹ̀ tilẹ̀ yá. Oògùn náà ló jẹ́ kí ó yá. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, kí ó jẹ́ kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, kí ó má dúró títí orí yóò fi fọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ ẹnikẹ́ni lórí. Bí obìnrin tí kì í sọ pé ó rẹ òun bá sì sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró sílé. Bí ó bá jẹ́ atẹ́gùn lásán, ẹ ó padà wálé wá rẹ́rìn-ín. Bí ó bá jẹ́ ọkàn, ẹ ó ti fún un ní ààyè láti padà wálé.